Kí Àlùmọ́gàjí Tó Kan Aṣọ

Ọ̀rọ̀ kan ti há mi láyà láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tí mo ránṣọ fún nígbà ọdún Káyókáyó wa ní Ẹ̀pẹ́ ló sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Télọ̀ mọ àwọn tó ń ránṣọ fún, ó sì mọ àwọn tó kàn ń gán aṣọ fún." Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn dá, pupa kan náà, ìtànná kan náà lára rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ọdún, àwọn kan ń yan fanda láàárín ìlú, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára wọn. Àwọn kan kò sọ abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, aṣọ ti lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ wọn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ọwọ́ kan náà ni mo fi rán gbogbo rẹ̀. Mo yẹ àwọn tí wọ́n dá padà wò tinú tòde. Mo wo ojú rírán, mo wo ibi tí a ti wíìfù, mo wo ìṣẹ́tí, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń yìn mí. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: kí ló ń mú iṣẹ́ ọwọ́ kan dára lára ẹnìkan, tó sì ń di ìnira lára ẹlòmíràn?

Àlájà ní kí n wá ìṣáná

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá ẹgbẹ́ wá, akápò wá, obìnrin tó sọ̀rọ̀ náà wá pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìyá ẹgbẹ́ yìí, Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ta aṣọ ní Balógun títí ara fi ní kí wọ́n padà wálé sí Ẹ̀pẹ́ wá sinmi.

Mo ti tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé ibi tí mo ti fún un láyè àti ibi tí mo ti dín in kù, àmọ́ Àlájà kò tilẹ̀ wo ojú rírán. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé àgékù wọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó wà. Kò sí aránṣọ tí kì í tọ́jú àgékù. A fi ń bo bọ́tìnnì, a fi ń ṣe àpò, a fi ń lẹ ibi tó bá ya lọ́jọ́ iwájú. Mo tú àpò àgékù mi sílẹ̀, mo ṣa ti aṣọ ẹgbẹ́ náà jáde. Àlájà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra àwọn àgékù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí sápá ọ̀tún, ìyẹn sápá òsì. Lójú èmi àti akápò, nǹkan kan náà ni. Ọwọ́ Àlájà kò ṣiyèméjì rárá.

Wọ́n ní kí n wá ìṣáná àti àwo pẹrẹsẹ kan. Wọ́n fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí àgékù apá ọ̀tún, wọ́n lọ́ wọn pọ̀, wọ́n sún wọn mọ́ iná. Iná mú un lójú ẹsẹ̀, ó ń jó gòkè, òórùn bébà jíjó gba inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fẹ́ iná náà pa, orí fọ́nrán ṣì pọ́n fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú. Eérú tó kù fúyẹ́. Àlájà fi ìka rà á, ó pòórá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Wọ́n mú ti apá òsì. Èyí kò dúró de iná. Bí iná ṣe ń sún mọ́ ọn ló ti ń ká jọ tó ń sá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló yọ́, ó rú èéfín dúdú, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti ohunkóhun tó hù láti inú ilẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú àwo jẹ́ koko dúdú kan, róbótó, kò tó ẹyọ ìrẹsì. Àlájà jẹ́ kó tutù dáadáa, wọ́n wá na àwo sí obìnrin tó ń bínú náà. "Gbà, tẹ̀ ẹ́ wò." Ó tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Ó fi èékánná hán an, kò fọ́.

"Ohun tí o wọ̀ jó lọ́jọ́ ọdún nìyẹn," ni Àlájà wí. "Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́. Ti àwọn yòókù, òwú oko ni. Télọ̀ kò lè rán ọ̀kan kó di èkejì."

Ìgbà náà ni akápò fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní aṣọ tí àwọn kọ́kọ́ rà kò kárí, ni òun bá ya ṣọ́ọ̀bù mìíràn, òun rí irú rẹ̀ gan-an, owó rẹ̀ sì tún rọjú díẹ̀. Òun rò pé oore ni òun ṣe ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó bá a wí, nítorí ta ni ì bá mọ̀? Ìtànná lára aṣọ náà kò fi òdòdó kan yàtọ̀. Obìnrin tó ń bínú wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo èmi náà, ó ní, "Àǹtí Télọ̀, ẹ má bínú." Kò pẹ́ sígbà náà, gbogbo wọn ti ń fa fọ́nrán lára ìborùn, lára ìró, lára gèlè, Àlájà ń dá ìṣáná, wọ́n ń sọ fún oníkálukú ohun tó wọ̀ wá.

Ẹja Olúwo àti aṣọ orí fóònù

Kò sí obìnrin Ẹ̀pẹ́ tí yóò ra ẹja ní ọjà Olúwo láìtẹ ikùn rẹ̀, láìṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Kékeré la ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ rán lọ́jà mọ èyí tó ti sùn àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi bọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà yóò wo aṣọ lórí fóònù, yóò béèrè iye rẹ̀, yóò sanwó, wọn yóò sì gbé e wá fún un. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó dé ọjà fúnra rẹ̀ pàápàá, àwọ̀ ni yóò wò, òdòdó ni yóò wò. Aṣọ tí yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kò rí ìdajì àyẹ̀wò tí ẹja ọbẹ̀ rí.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ní in. Ọwọ́ wọn mọ òwú, nítorí wọ́n rí i láti orí kẹ̀kẹ́ ìrànwú títí dé orí òfì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé aṣọ pọ̀ ju ti ìgbà wọn lọ, àwọn tó ń ṣe é sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kan jọ èkejì. Ní ọdún 1941, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson, ṣe fọ́nrán tí a ń pè ní pọlíẹ́sítà lónìí. Láti ìgbà náà, a lè fi ohun tí kò rí oko rí ṣe aṣọ tó jọ òwú, tó jọ sílíìkì, tó jọ ìrun àgùntàn, tí ojú lásán kò sì ní dá a mọ̀.

Ohun méjì ni kí o bi aṣọ

Lẹ́yìn ọjọ́ tí Àlájà wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ohun méjì la máa ń pò pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n fi ṣe fọ́nrán rẹ̀. Èkejì ni bí wọ́n ṣe hun fọ́nrán náà. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ní yé é ṣìnà lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́nrán. Òwú ń mu omi. Kódà bó ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ ẹ́, omi inú rẹ̀ tó bí ìdá 8 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Ti pọlíẹ́sítà kò tó ìdá kan ṣoṣo nínú 100. Ìdí nìyẹn tí òógùn fi ń wọ inú òwú lọ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà á kúrò, tó jẹ́ pé lára pọlíẹ́sítà, àárín aṣọ àti awọ ara ni òógùn ń jókòó sí. Ní ìlú wa yìí tí ọ̀sà yí ká, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti rin, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó máa jókòó sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lè wọ ohun tó wù ú. Ẹni tó máa tẹ̀ lé ìlù kiri àdúgbò nínú oòrùn, òwú ló yẹ ẹ́.

N kò bá pọlíẹ́sítà jà o. Kì í rún bí òwú, kì í súnkì, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí, ó sì máa ń gbẹ wéréwéré lórí okùn. Síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po tí a bá fi ṣe, tí wọ́n bá ti fi ooru gbé ìṣẹ́po rẹ̀ jókòó, kò ní nà mọ́, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Aṣọ iléèwé tí wọ́n fi òun àti òwú pọ̀ hun máa ń tọ́jọ́ lára ọmọ ju òwú nìkan lọ. Ohun tí mo ń bá jà ni kí wọ́n tà á fún ènìyàn ní orúkọ òwú àti ní iye owó òwú.

Iná náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Réyọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń fi igi ṣe, máa ń jó bí òwú, ó máa ń rùn bí òwú. Omi ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá rin, agbára rẹ̀ máa ń dínkù púpọ̀, nítorí náà ẹ rẹ fọ́nrán rẹ̀, kí ẹ fà á. Yóò já wẹ́rẹ́, nígbà tí òwú tútù máa ń yi dáadáa. Ìdí rèé tí a kì í fi í lọ̀ mọ́ ọpọ́n, tí a kì í fún un kíkankíkan. Èyí tí wọ́n bá pa òwú àti pọlíẹ́sítà pọ̀ hun yóò fi eérú sílẹ̀, yóò tún fi koko sílẹ̀. Sílíìkì àti ìrun àgùntàn máa ń jó díẹ̀díẹ̀, òórùn irun jíjó ni wọ́n ń ní, wọ́n sì sábà máa ń kú fúnra wọn bí a bá mú iná kúrò. Ẹ ṣe é lórí àwo, kí omi wà nítòsí, kí ọmọdé má sì sí níbẹ̀, nítorí pọlíẹ́sítà tó yọ́ tó kán síni lára máa ń lẹ̀ mọ́ awọ.

Bí wọ́n ṣe hun ún

Àwọn oníbàárà mi máa ń rò pé ohun tó bá ti ń dán ti di sílíìkì. Ọwọ́ ahunṣọ ló wà nídìí dídán yẹn. Bí wọ́n bá hun fọ́nrán kọjá lórí ọ̀kan, tó tún gba abẹ́ ọ̀kan, aṣọ tó tẹ́jú lásán ni yóò jáde, irú ti àǹkárá àti aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì. Bí ìhun bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ìlà dídagẹ̀rẹ̀ ni yóò hàn lójú aṣọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i lára jíǹsì àti kakí. Ó máa ń nípọn, ó máa ń gba ìyà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí fọ́nrán fò kọjá lórí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wọlẹ̀, ojú aṣọ yóò máa dán, yóò sì máa yọ̀. Sátíìnì nìyẹn, ìbáà ṣe òwú, sílíìkì tàbí pọlíẹ́sítà ni wọ́n fi hun ún.

Níbi sátíìnì ni ọ̀pọ̀ ìjà oníbàárà àti aránṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn fọ́nrán gígùn tó fò lójú rẹ̀ kò di ara wọn mú, nítorí náà bí a bá rán an mọ́ni lára gádígádí, bí onítọ̀hún bá jókòó lẹ́ẹ̀kan, ojú rírán á yọ̀, á là, okùn kò sì já. Wọn á ní télọ̀ kò ránṣọ dáadáa. Aṣọ náà ló ń béèrè àyè. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ mọ́ra, kí a fi láínì tó lágbára tì í lẹ́yìn, kí láínì náà máa gba ìyà tí sátíìnì kò lè gbà.

Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì, wọn kò hun ún rárá bíi ti àwọn tí mo sọ yìí. Wọ́n ń fi fọ́nrán ṣe ojóbó, wọ́n ń fa ọ̀kan gba inú èkejì ni, ìdí tó fi ń nà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń já ojóbó náà, ihò á sì máa ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ bíi mélòó kan. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó ni kí ẹ lò, èyí tó máa ń gba àárín fọ́nrán kọjá láì gún un. Kékeré kọ́ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Nọ́mbà 11 fún ṣífọ́ọ̀nù, 14 fún àǹkárá, 16 fún jíǹsì: ẹni tó bá fi 16 rán ṣífọ́ọ̀nù ti dá ihò lu aṣọ olówó iyebíye nìyẹn.

Àǹkárá, àdìrẹ, léèsì

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ pé àǹkárá ò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Iṣẹ́ ìda àwọn ará Java ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì kọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n sì gbé wá sí etíkun wa. Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond lọ́dún 1846 ṣì ń ṣe é. Ohun tó wúlò fún wa nínú ìtàn yẹn ni pé ìda ń wọ inú aṣọ já òdìkejì, nítorí náà àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe kì í ní ojú kò ní ẹ̀yìn: àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba níhà méjèèjì. Èyí tí wọ́n kàn tẹ àwòrán sí lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣì bàìbàì. Ẹ yí i padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ, nítorí ẹ̀rọ tó tẹ òdòdó lè tẹ orúkọ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ òwú ni, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí a tó gé e. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n ní rírẹ aṣọ tuntun ń gba dídán rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá súnkì ní ìdá 5 péré nínú 100, bùbá tó gùn ní íǹṣì 30 ti di íǹṣì 28 ààbọ̀. Ó sàn kó súnkì nínú abọ́ ju kó súnkì lára ẹni tó ti wọ̀ ọ́ lọ sóde lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti àdìrẹ, aró ẹ̀lú gidi kì í mú pọlíẹ́sítà. Òwú ló ń mú, ó tún ń mú sílíìkì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àdìrẹ wá tó ní ẹ̀lú Abẹ́òkúta ni wọ́n fi pa á láró, tí fọ́nrán rẹ̀ sì di koko dúdú lórí iná, ẹ̀rọ ló tẹ òdòdó yẹn, kò rí ìkòkò aró rí. Inú máa ń bí mi sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí àwọn aláró wa ni wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Léèsì ní tirẹ̀, aṣọ méjì ni nínú ọ̀kan. Àwọn ará Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é fún wa láti àwọn ọdún 1960, ó sì yẹ ká mọ̀ pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà náà lé lè jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lè jẹ́ àwọ̀n pọlíẹ́sítà. Okùn iṣẹ́ ọnà lè jẹ́ òwú kí ìpìlẹ̀ má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ okùn rẹ̀ láìro ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ á ká jọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù, àmì tóótò méjì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mẹ́ta sì wà ní 200. A kò gbọdọ̀ kọjá méjì fún pọlíẹ́sítà, mẹ́ta sì wà fún òwú. Igun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Aṣọ ní orí, ó ní ìdí

Mo ti rí àrán tí wọ́n rán fún ìyàwó kan, tí ọwọ́ ọ̀tún ń dán tí ọwọ́ òsì ṣú. Kì í ṣe aṣọ méjì. Irun àrán ń dojú kọ ibì kan ṣoṣo; bí a bá fi ọwọ́ ra á lọ, ó jọ̀lọ̀, bí a bá ra á bọ̀, ó ta kò wá. Bí a bá gé apá kan kó kọjú sókè, tí a gé èkejì kó kọjú sísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sára wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá mú àrán wá fún mi, mo máa ń sọ fún un pé kó rà kọjá ohun tó rò, nítorí a kò ní lè dojú ìkan kọ orí, kí a dojú ìkan kọ ìdí láti fi ṣọ́ aṣọ lò.

Aṣọ tí kò ní irun pàápàá ní ọ̀nà tí ó ń rìn. Ní gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aṣọ, kì í fẹ́ nà. Ní ìbú, ó ń nà díẹ̀. Bí a bá gé e ní dídagẹ̀rẹ̀ láti igun dé igun, ó ń nà ju méjèèjì lọ, ìdí tí síkẹ́ẹ̀tì tí a gé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣàn sílẹ̀ lára nìyẹn. Irú síkẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ sun orí ìkọ́ mọ́jú kí a tó ṣẹ́ ìdí rẹ̀, kó lè wálẹ̀ dé ibi tó bá fẹ́ wálẹ̀ dé. Ìbú aṣọ kò sì dọ́gba lọ́jà: àǹkárá sábà máa ń wà láàárín íǹṣì 45 sí 48, aṣọ kóòtù máa ń tó 58 tàbí 60. Ẹni tó bá ka yáàdì láìka ìbú yóò ra àjùlò tàbí àìtó.

Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò tó kó yẹni. Mo rò pé ibi tí òwe yẹn bá aṣọ yòókù mu ni yìí. Aṣọ tó dára wà, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n rán wà, síbẹ̀ bí aṣọ náà kò bá bá ara àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ mu, kò ní yẹ onítọ̀hún. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè mọ èyí. Sányán tí wọ́n ń yọ lára ilé tí kòkòrò kan ń hun sórí igi máa ń wúwo, ọjọ́ ńlá sì ni wọ́n ń gbé e wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ lọ sódò.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì kan aṣọ ẹnikẹ́ni, a máa fa fọ́nrán, a máa jó o lójú ẹni tó ni ín. Àwọn kan máa ń bínú: "Àǹtí Télọ̀, ẹ fẹ́ jó aṣọ mi ni?" Bí wọ́n bá rí i tán, àwọn náà ló máa ń lọ fa ti ara wọn nílé. Ohun tó bá jáde, a ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí: òwú ni, ó rin tàbí kò tíì rin, pọlíẹ́sítà ni, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ní páálí kan tí wọ́n lẹ àgékù mọ́, wọ́n kọ ohun tí ó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń bo ojú wọn, wọn á fi ọwọ́ dárúkọ àgékù tí mo bá nà sí wọn. Àbíkẹ́yìn inú wọn ti ń gbà á ju èmi lọ.

Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ní ọjà Ayétòrò náà, kí wọ́n máa gé àgékù bí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà tó bá béèrè. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé a kò fọkàn tán àwọn, n kò sì lè fi dandan mú wọn.

Ẹgbẹ́ náà ti ń múra ọdún tó ń bọ̀. Owó ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé. Òwú tó dára wọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí akẹgbẹ́ òun wà nílé lọ́jọ́ ọdún nítorí owó aṣọ. Àwọn kan ní kí gbogbo wa kúkú wọ pọlíẹ́sítà, kí ó dọ́gba. Èmi ní kí wọ́n mú òwú tí òdòdó rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gba yáàdì mẹ́rin dípò mẹ́fà, kí a rán bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì dípò ìró méjì, kí ẹni tó bá fẹ́ gèlè wá tirẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún akápò, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti èyí tó kọjá lọ. Àlájà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àgékù lára aṣọ yòówù tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n gbé e wá sípàdé pẹ̀lú ìṣáná, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan.